Ẹ̀bi Kì í Sùn Níta

Ìbíyẹmí ti gbé korobá rẹ̀ sábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ omi, ó ti fẹ́ la ẹnu pe omi, kí ó tó rí ọkùnrin tó lóṣòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Irùngbọ̀n ọkùnrin náà ti kún bí igbó ọdún mẹ́ta, ètè rẹ̀ ti bó. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di agolo kan mú.

"Àbúrò mi," ni ó wí, "bá mi pè é. Agolo kan péré ni."

Kí Ìbíyẹmí tó fèsì, ọkùnrin náà kọjú sí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ fi ẹ̀rí han adájọ́. "Omi, wá. Omi! Omi, mo bẹ̀ ọ́, wá." Ẹ̀rọ náà dákẹ́ bí òkúta. "Ṣé o rí i? Kò mọ̀ mí mọ́."

Ta ni kò mọ Mákànjúọlá ní Òkè-Awọ? Òun ló ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ Àwòdì lọ́dún tó kọjá, òun ni àwọn ọmọdé ń pè ní Ọwọ́-Iná nígbà tí ayé ń yẹ ẹ́. Nínú ìdíje bésíbọ́ọ̀lù tó kẹ́yìn ọdún ni ọwọ́ rẹ̀ yà, bọ́ọ̀lù mẹ́rin léra wọn kò sì gba ibi tó yẹ kó gbà. Ìlú dá a lẹ́bi, wọ́n sì yọ ohùn rẹ̀ fún ọdún méje.

"Ìwọ ọmọ yìí, má dá a lóhùn o!" Obìnrin kan tó tò sẹ́yìn Ìbíyẹmí ló pariwo bẹ́ẹ̀. "Ẹni tó bá yá a lóhùn, wọ́n á yọ ìdá kan nínú mẹ́ta ohùn tirẹ̀. Ilẹ̀kùn á ṣí fún ọ, àdògán ìdáná ò ní dá ọ lóhùn. Ṣé ohun tí o fẹ́ nìyẹn?"

"Ẹ fi sílẹ̀, mà," ni Ìbíyẹmí wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bí ìgbà gbogbo. Ó kọjú sí ẹ̀rọ. "Omi, wá."

"Mo gbọ́," ni ohùn tútù kan dáhùn láti inú ògiri. Ohùn Etí-Ìlú ni, ẹ̀rọ tó ń ṣí ohun gbogbo fún ohùn tó bá mọ̀. Kò sí yàrá, kò sí òpópónà, kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí Etí-Ìlú kò sí níbẹ̀. Omi bẹ̀rẹ̀ sí tú.

Ìbíyẹmí gbójú sókè bí ẹni tó ń wo ẹyẹ. Korobá kún. Kò sọ fún omi pé ó tó. Omi ṣàn kọjá etí korobá, ó gba ojú ọ̀nà ẹ̀gbin lọ sí ẹsẹ̀ ògiri, Mákànjúọlá sì ti dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú agolo rẹ̀. Obìnrin ẹ̀yìn pòṣé. Àmọ́ kò sí òfin tó ní kí korobá má kún jù.

Ibi tí Ìbíyẹmí dúró sí nìyẹn tí ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ fi gbóná lójijì. Ìlẹ̀kẹ̀ àárín rẹ̀ pọ́n bí ẹyin iná, ohùn tútù náà tún sọ̀rọ̀: "Ìbíyẹmí ọmọ Oníṣọ̀nà. Ìbò mú ọ láti ṣe adájọ́. Àga kẹsàn-án. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ òní. Ẹjọ́ Túbọ̀sún."

"Yéè!" Obìnrin ẹ̀yìn gbàgbé ìbínú rẹ̀, ó dì mọ́ ọn. "O ríre! Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń so ẹ̀gbà Àwòdì mọ́wọ́, ìbò ò mú mi rí. Bá mi wo ọmọ yẹn lójú dáadáa kí o tó yọ ohùn rẹ̀. Ife ẹ̀yẹ ti wà lọ́wọ́ wa, ó jẹ́ kó bọ́!"

Mákànjúọlá mu omi tán. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu.

"Ṣé ohùn tèmi ò tíì yó yín ni?" ni ó bi wọ́n, láìbínú, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀.

Ìbíyẹmí gbé korobá rẹ̀. Omi ń ta sílẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà.

*

Aṣọ ni wọ́n ta sí ẹnu ọ̀nà ilé wọn. Ìbíyẹmí fúnra rẹ̀ ló yọ ilẹ̀kùn kúrò lọ́dún méjì sẹ́yìn, nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú apá ọ̀tún ìyá ìyá rẹ̀, tó sì sọ ohùn rẹ̀ di bí ewé gbígbẹ tí afẹ́fẹ́ ń wọ́ nílẹ̀. Ilẹ̀kùn kò dá ohùn náà mọ̀ mọ́. Wọ́n ti kọ̀wé pé kí Etí-Ìlú wá gba ohùn tuntun Ìyá Àgbà sílẹ̀. Wọ́n ṣì ń dúró.

Ìyá Àgbà jókòó sórí àga, awọ ewúrẹ́ wà lórí itan rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ òsì ra á. Lókè orí rẹ̀ ni àpótí funfun tí ilé ìwòsàn kàn mọ́ ògiri wà, orúkọ rẹ̀ lára rẹ̀.

"Àpótí, ṣí," ni Ìbíyẹmí wí.

"Mo gbọ́."

Hóró oògùn ọkàn kan bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, àpótí tún padé. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni. Ohùn ẹnìkan ṣoṣo ni ilé ìwòsàn máa ń fi sínú àpótí bẹ́ẹ̀, kí olè má baà jí oògùn. Bí oògùn bá yẹ̀ lọ́jọ́ méjì, ọkàn Ìyá Àgbà á bẹ̀rẹ̀ sí tàsé.

"Àwẹ̀ró," ni ìyá arúgbó náà fi oríkì pè é, "mo gbọ́ pé ìbò mú ọ. Àdúgbò ń hó. Kí ló wá dé tí o ń gbọ̀n bí ewúrẹ́ tó rí ọ̀bẹ?"

Ìbíyẹmí kúnlẹ̀, ó fún un ní oògùn àti omi. Kò dìde.

"Ìyá Àgbà, èmi ni mo fún Túbọ̀sún ní ìbọ̀wọ́ bọ́ọ̀lù yẹn. Ẹ ń sùn lọ́jọ́ tó wá mú un."

"Mo mọ̀."

"Mi ò sọ̀rọ̀ kókó ìkẹyìn fún un."

Awọ bọ́ lórí itan Ìyá Àgbà.

Kò sí ọmọ Òkè-Awọ tí kò mọ̀ pé oníṣọ̀nà awọ kì í so kókó ìkẹyìn. Láti ayé àwọn tó ń ṣe àpò àti tìmùtìmù, títí di ayé ìbọ̀wọ́ bésíbọ́ọ̀lù, oníṣọ̀nà á rán awọ títí dé ìparí, á wá yọ okùn sílẹ̀ ní ìwọ̀n ìka méjì. Ẹni tó ni ẹrù ló máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ so ó, kí ire ẹrù náà má baà kù sọ́wọ́ ẹni tó ṣe é. Àmọ́ ọmọ etí òkun ni Túbọ̀sún. Oṣù mẹ́ta péré ni ó ti lò nílùú nígbà náà.

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ojú ń tì mí, mà." Omijé ti ń bọ́. "Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Mo fẹ́ sọ ọ́. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, ó ní, 'Ẹ ṣé o, àǹtí.' Mo ní ẹlòmíràn nínú ẹgbẹ́ á sọ fún un. Ó ti lọ kí n tó mí."

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín kan tó gbẹ, ẹ̀rín náà di ikọ́. "Èmi ni mo fi ọ́ sílé, tí mo ní kí o máa gbọ́ tàgbà, kí o má máa já lu ọ̀rọ̀. O gbọ́ ẹ̀kọ́ náà jù." Ó na ọwọ́ òsì rẹ̀, ó gbá ọmọ náà lórí jẹ́ẹ́. "Fetí sílẹ̀. Bí o bá ní kò jẹ̀bi, wọ́n á bi ọ́ pé ta ló jẹ̀bi. Ẹ̀bi kì í sùn níta nílùú yìí. Sọ pé èmi ni. Ohùn wo ni wọ́n fẹ́ rí yọ lẹ́nu mi?"

Ìbíyẹmí gbójú sókè wo àpótí funfun.

"Orúkọ yín ló wà lára rẹ̀. Bí wọ́n bá yọ ohùn yín, wọ́n á wá tú u kúrò lára ògiri lọ́la."

"Hẹn-ẹn."

"Bí wọ́n bá sì yọ tèmi, ta ni yóò máa ṣí i fún yín?"

Ìyá Àgbà yíjú sí aṣọ ẹnu ọ̀nà, ibi tí ìmọ́lẹ̀ òòrùn ń gbà wọlé.

"Dá a lẹ́bi nígbà náà," ni ó wí. "Ọmọ ọlọ́mọ ni. Kì í ṣe ọmọ tiwa." Ó wí bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò lè wo ojú ọmọ ọmọ rẹ̀ bó ti ń wí i.

*

Àga mẹ́sàn-án ni wọ́n tò sórí pápá, wọ́n gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ibi tí agbábọ́ọ̀lù kan máa ń dúró. Àga kẹsàn-án jìnnà jù. Ẹ̀yìn pápá ni ó wà, lórí koríko tí gìgísẹ̀ Túbọ̀sún ti hú lọ́jọ́ tó ń sá lé bọ́ọ̀lù náà. Ìbíyẹmí jókòó, ó sì rí ipa bàtà náà láàárín ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Gbogbo ìlú ló wà lórí ìjókòó. Aṣọ pupa Àwòdì gba ibi gbogbo bí iná tó ń jó oko. Àwọn kan ń ju ìwé tí wọ́n ká bí ọ̀pá lọ sókè, wọ́n ń kọrin èébú:

"Ìbọ̀wọ́ ni àbí asẹ́?"

"Asẹ́ ni!"

"Kí ló gba ibẹ̀ kọjá?"

"Ife wa!"

Túbọ̀sún dúró sórí ebè kékeré tó wà láàárín pápá, níbi tí wọ́n ti ń ju bọ́ọ̀lù. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni. Wọ́n ti gba fìlà ẹgbẹ́ lórí rẹ̀, orí rẹ̀ sì dà bí orí ọmọdé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá.

Akéde ẹjọ́, obìnrin gíga kan tó wọ agbádá aró, gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ̀yin ará Òkè-Awọ, ẹ̀bi kì í sùn níta!"

"Ó gbọ́dọ̀ nílé!" ni ìlú dáhùn, ilẹ̀ sì mì.

"Ìpele kẹsàn-án. Ayò mẹ́ta sí méjì, àwa là ń borí. Ọmọ ẹgbẹ́ Erékùṣù kan gbá bọ́ọ̀lù sókè, bọ́ọ̀lù tí ọmọ ilé ìwé lè hán. Túbọ̀sún na ọwọ́. Bọ́ọ̀lù gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, ẹni méjì nínú wọn sáré wọlé, ayò wọn sì ju tiwa lọ. Túbọ̀sún, kí lo ní sọ?"

Ẹ̀rọ gbohùngbohùn gbé ohùn ọmọkùnrin náà dé gbogbo igun. "Ẹ jọ̀ọ́. Mo hán an. Mo gbọ́ ọ nígbà tó wọ àtẹ́lẹwọ́ mi. Lẹ́yìn náà mo wò ó, kò sí níbẹ̀ mọ́."

"Àjẹ́ ló gbé e!" ni ẹnìkan kígbe. Ìlú bú sẹ́rìn-ín.

Wọ́n gbé ìbọ̀wọ́ náà yíká, kí adájọ́ kọ̀ọ̀kan fi ọwọ́ kàn án. Bàbá Onífèrè ló wà lórí àga kìíní, ọkùnrin abikùn ńlá tó máa ń fọn fèrè ṣáájú orin níbi gbogbo ìdíje. Ó fi ìbọ̀wọ́ náà bo orí bí akẹtẹ̀, ó mi ìdí, ẹ̀rín tún sọ. Ẹlòmíràn tutọ́ sí i. Ó ń bọ̀, láti ọwọ́ dé ọwọ́, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ Ìbíyẹmí.

Ó rí i. Okùn tó di àárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá mú ti tú jáde. Orí okùn náà ń dán, kò rí wúruwùru bí okùn tó já. Ó gùn ní ìwọ̀n ìka méjì gẹ́lẹ́, bí òun ti fi í sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ awọ á rí i, àmọ́ kò sí ẹni tó wá awọ wò lónìí. Ìka rẹ̀ fẹ́ so ó fúnra wọn. Ó fi wọ́n pamọ́ sínú ìró.

"Àga kìíní?"

"Mo dá a lẹ́bi!" Bàbá Onífèrè fọn fèrè sí i.

"Àga kejì?"

"Mo dá a lẹ́bi."

Ìdájọ́ náà ń bọ̀ bí omi tó ń gun àtẹ̀gùn. Àga karùn-ún ni obìnrin olùkọ́ kan wà, ó wo ọmọkùnrin náà títí. "Ṣé n kò lè sọ pé kò jẹ̀bi, kí n sì dákẹ́?" ni ó bèèrè.

"O lè sọ pé kò jẹ̀bi, mà," ni Akéde dáhùn, "bí o bá lè fi ilé tí ẹ̀bi náà ń gbé hàn wá. Ẹnìkan ṣoṣo tó bá rí ilé ẹ̀bi ti tú ẹjọ́ ká."

Olùkọ́ náà wo ilẹ̀. "Mi ò mọlé. Mo dá a lẹ́bi."

Ẹ̀kẹfà. Èkeje. Ẹ̀kẹjọ. Túbọ̀sún ti bẹ̀rẹ̀ sí sunkún láìpariwo, ó ń fi èjìká nu ojú.

"Àga kẹsàn-án?"

Ìbíyẹmí la ẹnu. Ahọ́n rẹ̀ wúwo bí awọ tó sùn sínú omi. Ó rò ó pé ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni, mo, dá, a, lẹ́bi, lẹ́yìn náà á lọ sílé, á sọ fún àpótí pé kó ṣí, oògùn ìrọ̀lẹ́ á bọ́. Á máa rí ọmọ yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri omi láràárọ̀ fún ọdún méje, irùngbọ̀n rẹ̀ á kún, á máa pe òun ní àǹtí. Ó rò ó pé òun kò gbọ́dọ̀ pa Ìyá Àgbà. Ó rò ó pé Ìyá Àgbà kò lè wo ojú òun.

"Àga kẹsàn-án, ìlú ń dúró."

"Kò jẹ̀bi."

Ó kọ́kọ́ rò pé ẹlòmíràn ló sọ ọ́. Gbohùngbohùn gbé e lọ, ó gbé e padà bọ̀. Ó gbọ́ bí àsíá ṣe ń lu òpó.

"Ta wá nilé ẹ̀bi?" ni Akéde bèèrè.

"Èmi ni." Nígbà tí ìyẹn ti jáde, ìyókù ń ti ara wọn. "Èmi ni mo rán ìbọ̀wọ́ náà. Mo yọ kókó ìkẹyìn sílẹ̀ fún un bí a ti ń ṣe. Àlejò ni, kò mọ̀. Mi ò sọ fún un. Kò sí kókó lára rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti gbà á, ó ń tú díẹ̀ díẹ̀, ọjọ́ yẹn ló tú tán. Ẹ wo orí okùn. Kò já."

Akéde gba ìbọ̀wọ́, ó fi ìka tọ okùn náà. Ọmọ Òkè-Awọ lòun náà. Ojú rẹ̀ yí padà. Lórí ìjókòó, àwọn àgbàlagbà kan ń wo ara wọn, wọ́n ń mi orí.

"Kí ló dí ọ lẹ́nu?" Bàbá Onífèrè ti dìde lórí àga rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó ń na ìka. "Kí ló dí ọ lẹ́nu, ìwọ ọmọ yìí?"

"Ìtìjú ni, sà."

"Ìtìjú! Ẹ gbọ́ o! Ife wa ṣòfò nítorí pé ojú ń ti ọmọge!"

Igbe tó tẹ̀lé e kò ní ẹ̀rín nínú. Ọ̀pá ìwé kan bà á léjìká. Akéde gbé ọwọ́ sókè títí wọ́n fi rọlẹ̀.

"Ẹ̀bi ti délé. Túbọ̀sún, máa lọ. Ìbíyẹmí ọmọ Oníṣọ̀nà, ọdún méje." Ó sún mọ́ ọn, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ díẹ̀. "Òfin fún ọ ní àṣẹ kan ṣoṣo, kí ohùn rẹ tó kúrò. Ẹnikẹ́ni ò ní lè yí i padà títí ọdún méje á fi pé. Ronú, ọmọ mi. Àwọn mìíràn a máa fi tọrọ àforíjì, Etí-Ìlú ò sì ní àforíjì láti fún ènìyàn."

Ìbíyẹmí kò ronú. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí obìnrin náà parí.

"Àpótí Ìyá Àgbà," ni ó kígbe, igbe àkọ́kọ́ tó ké láti ìgbà tó ti dàgbà, "ṣí! Má padé mọ́!"

"Mo gbọ́," ni ohùn tútù náà wí.

Ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó kú. Ó tutù nini bí ìka òkú. Àpótí ti ṣí, tàbí kò ṣí. Kò sí bó ṣe máa mọ̀ láti ibí. Bó bá ṣí pàápàá, oògùn ọjọ́ mọ́kànlá ló kù nínú rẹ̀. Ìyá Àgbà á sì ti gbọ́ bó ṣe ṣí láìsí ẹni tó pè é, á ti mọ ohun tó túmọ̀ sí.

Túbọ̀sún ti rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ojú rẹ̀ wú. "Àǹtí, kí ló dé tí ẹ ò kàn sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn?"

"Mo ti fẹ́ sọ ọ́," ni Ìbíyẹmí wí. Ohùn rẹ̀ ò gba inú gbohùngbohùn mọ́, àwọn méjèèjì nìkan ló gbọ́ ọ. "Máa lọ. Má jẹ́ kí wọ́n rí ọ lọ́dọ̀ mi."

Kò lọ. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ rẹ̀ ló wá gbé e, wọ́n gbé e sí èjìká, wọ́n ń kọrin, ó sì ń wẹ̀yìn.

Ìlú ti ń tú. Ní ẹnu ọ̀nà ìhà gúúsù, kálukú ń dárúkọ, ilẹ̀kùn irin ń ṣí, ó ń padé, ó ń ṣí, ó ń padé. Ìbíyẹmí ka àwọn tó kù: ogún, mẹ́wàá, mẹ́ta. Nígbà náà ni òye yé e. Bí ẹni ìkẹyìn bá jáde, kò sí ohùn tó máa ṣí ilẹ̀kùn yìí fún òun títí di ọjọ́ ìdíje tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì.

Bàbá Onífèrè ni ẹni ìkẹyìn. Ikùn rẹ̀ kì í jẹ́ kó yára.

"Bàbá!" Ìbíyẹmí bẹ̀rẹ̀ sí sáré. "Bàbá, ẹ má yá mi lóhùn o, ẹ kàn rọra rìn! Ẹ̀yìn yín ni mo máa gbà jáde!"

Ọkùnrin náà yíjú padà. Ojú wọn ṣe mẹ́rin lórí gbogbo gígùn pápá náà. Ẹnu rẹ̀ mì bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó wo ẹ̀gbà pupa tó ń tàn lọ́wọ́ ara rẹ̀, ó sì mú ẹsẹ̀ yá.

Ìbíyẹmí ká ìró rẹ̀ dé orúnkún, ó bọ́ bàtà méjèèjì sílẹ̀, ó fi eré sí i.